Ìwọra Tó Pọ̀ Jù: Bí A Ṣe Ń So Mẹ́táàlì Tí Kì í Ṣe Ọmọ Ìyá Kan Pọ̀ Láìyọ́ Wọn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá wẹ́dà, ẹ̀yin tí ẹ ń tún fíríìjì ṣe, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ yín ní ẹ gbọ́dọ̀ wá, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ooru.

Lánàá, mo tú áyọ́ọ̀nù oníná kan tó ti kú nílé wa. Nǹkan pẹlẹbẹ tí mo mú dání yìí, tí kò gùn ju ìka ọmọdé lọ, inú rẹ̀ ni mo ti bọ́ ọ. Ẹni tó bá ti lọ aṣọ rí mọ ohùn rẹ̀. Bí áyọ́ọ̀nù bá gbóná tó, ẹ ó gbọ́ "tá!", gílóòbù kékeré orí rẹ̀ á kú. Bó bá ṣe díẹ̀, "tá!", gílóòbù á tún tàn. Èyí ló ń ṣe é. Ẹ gbé e kiri láàárín ara yín, kí ẹ yí etí rẹ̀ sí ojú fèrèsé, ẹ ó rí ìlà tín-ínrín kan tó là á láàárín láti orí dé ìdí. Òkè ìlà yẹn yàtọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Mẹ́táàlì méjì ni.

Irú rẹ̀ kan tó wọ́pọ̀ ni kí ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ idẹ, kí èkejì jẹ́ Invar. Irin ni Invar yìí, tí wọ́n po nickel mọ́: nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, 36 ni nickel. Charles Édouard Guillaume, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1896, iṣẹ́ yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1920. Bí ooru bá mú Invar, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gùn sí i rárá. Idẹ ní tiẹ̀ máa ń gùn ju ìyẹn lọ ní bí ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wá so àwọn méjèèjì pọ̀ kí wọ́n má lè fi ara wọn sílẹ̀. Bí ooru bá dé, idẹ fẹ́ gùn, Invar ní òun ò lọ síbì kankan, ni gbogbo rẹ̀ bá tẹ̀ kọrọdọ. Títẹ̀ yẹn ló ń já iná.

Ìbéèrè tó gbé mi wá síbí ni pé: kí ló so wọ́n pọ̀? Kò sí bóòtù níbẹ̀, kò sí ríféètì, kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí ẹni tó fi élẹ́kítírọ́ọ̀dù jó o. Rólà ńlá ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n mọ́ra, lẹ́yìn náà wọ́n fi ooru ṣìkẹ́ wọn, ooru tí kò tó èyí tó lè yọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Nínú ooru yẹn, díẹ̀ lára idẹ rìn wọ inú Invar, díẹ̀ lára Invar sì rìn wọ inú idẹ. Ìrìn yẹn ni ọ̀rọ̀ mi lónìí. Ìwọra ni mo máa ń pè é, torí pé ńṣe ni wọ́n ń wọ ara wọn.

Kí a má ṣe bí ẹni pé àwa la kọ́kọ́ so mẹ́táàlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀. Ẹ wo ẹdan Ògbóni: ọ̀pá irin ló wà nínú, idẹ ni wọ́n dà lé e lórí. Nígbà tí idẹ náà ń tutù, ó ń sún kì ju irin lọ, ó sì ń fún irin mọ́ra gírígírí. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, mi ò ní fojú kéré rẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n dídìmú lèyí, bí ìgbà tí òrùka bá há sọ́mọ ìka. Kì í ṣe ìwọra.

Ẹ̀yin wẹ́dà náà mọ ibi tí iná yín ń parí sí. Irin àti irin, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú láti jó alumíníọ̀mù mọ́ irin. Ní 660 ni alumíníọ̀mù ń yọ́ (Celsius ni gbogbo ìgbóná tí mo bá dárúkọ lónìí), irin sì di 1,538 kó tó yọ́. Kí irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n dáadáa, alumíníọ̀mù ti di omi, ó ti ṣàn sórí bàtà yín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iná kankan kò sí. Ní 1724, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Theophilus Desaguliers mú bọ́ọ̀lù òjé méjì, ó fi ọ̀bẹ bẹ́ díẹ̀ lára ìkọ̀ọ̀kan títí ojú rẹ̀ fi ń dán, ó fi ojú kan ojú, ó tẹ̀ wọ́n, ó sì yí wọn díẹ̀. Wọ́n lẹ̀. Wọ́n lẹ̀ débi pé ẹrù tó wúwo ni wọ́n gbé kọ́ ọ kí wọ́n tó já, níwájú àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ìlú London. Ẹ lè dán an wò nílé pẹ̀lú òjé tí àwọn apẹja ń so mọ́ ìsàlẹ̀ àwọ̀n. Májèlé ni òjé o. Ẹ fọwọ́ yín dáadáa kí ẹ tó jẹun, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé bá yín ṣe é.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kọ́kọ́rọ́ inú àpò mi kò lẹ̀ mọ́ owó irin? Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́, gbogbo mẹ́táàlì ló wọ aṣọ. Bí ẹ bá gé alumíníọ̀mù báyìí, kí ẹ tó ṣẹ́jú, afẹ́fẹ́ ti bá a wọ awọ tuntun. Awọ yẹn tín-ínrín ju ohun tí ojú lè rí lọ, ṣùgbọ́n ó le, ó sì di ohun tó ju 2,000 lọ kó tó yọ́. Irin náà ń wọ tiẹ̀, òun lẹ máa ń rí bó bá pẹ́ tó dógùn-ún. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá fi mẹ́táàlì méjì kanra, aṣọ ló kan aṣọ, ara kò kan ara.

Èkejì ni pé kò sí ojú tó tẹ́jú. Bí ẹ ti lè lọ̀ ọ́ tó, bí ẹ bá gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, òkè àti àfonífojì ni. Ẹ mú òyà ìyarun méjì, kí ẹ fi eyín kan eyín. Orí eyín nìkan ló fara kan ara; àyè tó kù lófìfo. Bí ojú mẹ́táàlì méjì ṣe máa ń kan ara wọn gan-an nìyẹn.

Ohun tí a wá ń ṣe nínú ìléru kò ju pé a ń bọ́ aṣọ yẹn, a sì ń tẹ eyín òyà wọ̀nyẹn rẹ́ lọ. A ó fi sáńdípépà lọ ojú méjèèjì, láti orí èyí tó rí gàgàrà dé orí èyí tó kúnná bí àtíkè. A ó fi acetone nù ún, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò. Láti ìgbà yẹn, ìka ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́, nítorí ọ̀rá inú ìka yín nìkan tó láti ba iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta jẹ́. A ó tò wọ́n lé ara wọn nínú ìléru, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó sì fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí awọ tuntun má baà hù. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé ìgbóná sókè, a ó sì tẹ̀ wọ́n mọ́ra.

Báwo ni títẹ̀ náà ṣe lágbára tó? 5 MPa wọ́pọ̀ nínú ìwé wa. Ẹ má jẹ́ kí n fi ìwé dẹ́rù bà yín: bíi pé ẹ gbé odindi àpò sìmẹ́ǹtì kan lé ibi tí kò fẹ̀ ju èékánná ìka kan lọ ni. Ní ti ìgbóná, a máa ń wà láàárín ìdajì sí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún èyí tó ń yọ́ mẹ́táàlì náà, tí a bá bẹ̀rẹ̀ ìkà láti ibi tó tutù jù láyé, ìyẹn 273 sísàlẹ̀ òdo. Bàbà tó ń yọ́ ní 1,085, ẹ ó rí wa nídìí rẹ̀ láàárín bíi 400 sí 800.

Ní ìgbóná bẹ́ẹ̀, orí eyín òyà á rọ̀, á sì wó. Àwọn ihò kéékèèké tó bá kù, àwọn átọ́ọ̀mù fúnra wọn, ìyẹn àwọn ẹyọ tó kéré jọjọ tí mẹ́táàlì fi di mẹ́táàlì, ni yóò rìn wá dí i. Inú mẹ́táàlì kò dúró jẹ́ẹ́ bí ẹ ṣe rò. Átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan jókòó sáyè tiẹ̀ bí èrò inú danfo, ṣùgbọ́n àyè kan wà níbí, òmíràn lọ́hùn-ún, tí ẹnì kan ò jókòó sí. (Mo mọ̀ pé ẹ ò rí irú danfo bẹ́ẹ̀ rí l'Ékòó.) Bí ooru bá pọ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè tó ṣófo á fò sí i, àyè tirẹ̀ á wá ṣófo, ẹlòmíràn á fò síbẹ̀. Bí gbogbo èrò ṣe ń pààrọ̀ ìjókòó nìyẹn láìsí ẹni tó dìde dúró. Bí ẹ bá wá gbé danfo méjì tira, tí ẹ sì yọ ògiri tó wà láàárín wọn, kò ní pẹ́ tí èrò ti èyí yóò fi máa jókòó nínú ti ìyẹn.

Ẹni tó kọ́kọ́ wọn ìrìn yìí dáadáa ni William Chandler Roberts-Austen, tó ń ṣiṣẹ́ nílé tí wọ́n ti ń rọ owó ìjọba ní London. Ní 1896 ó sọ àsọyé kan, ó sì fi han àwọn ènìyàn pé bí òun bá fi wúrà sí ìdí òjé, tí òun sì gbé e sínú ooru tí kò tó 327 tó ń yọ́ òjé, wúrà yẹn máa ń gòkè lọ nínú òjé tó le gbagidi. Ó tún mú wúrà àti òjé mìíràn, ó tẹ̀ wọ́n mọ́ra, ó sì gbé wọn sílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin gbáko, ní ìgbóná 18, tí kò gbóná tó yàrá yìí. Nígbà tó gé òjé náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó bá wúrà níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin! Sùúrù ọkùnrin yẹn máa ń yà mí lẹ́nu ju àwárí rẹ̀ lọ.

Nípa àkókò, ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Ìwọra kì í bá aago dọ́gba. Bí wákàtí kan bá gbé wọn dé ibì kan, kí ibẹ̀ tó di ìlọ́po méjì, ó di wákàtí mẹ́rin. Kó tó di ìlọ́po mẹ́ta, ó di mẹ́sàn-án. Ìgbà àkọ́kọ́ ni wọ́n ń sáré. Nítorí èyí, ẹni tó bá jẹ́ tuntun nídìí iṣẹ́ yìí máa ń rò pé kí òun ṣáà fi àkókò kún un. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ àgbà, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni alumíníọ̀mù àti irin. Mo gé wọn róbótó, ìkọ̀ọ̀kan kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ. Mo lọ ojú wọn títí mo fi ń rí eyín ara mi nínú wọn. Mo gbé wọn sí 550, mo tẹ̀ wọ́n, mo sì fún wọn ní wákàtí mẹ́rin, torí pé mo fẹ́ kó dájú. Nígbà tí mo yọ ọ́, ó lẹ̀. Ó lẹ̀ dáadáa, kò sí ibi tí abẹ lè gbà wọlé. Mo gbé e lọ fún ọ̀gá mi bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Bàbá yẹn kò sọ̀rọ̀. Ó kàn fi etí rẹ̀ gbá etí tábìlì, "kó!", ó pín sí méjì. Ojú méjèèjì tó là yẹn rí eérú, ó ń dán wínníwínní, bí ojú àwo tó fọ́. Ó kó o fún mi, ó ní kí n lọ wo ohun tí mo bí.

Mo tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kù díẹ̀ kó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ti wà lókè ni iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ kò sì tan. Mo sáré ti ọ̀nà afẹ́fẹ́ ìléru, mo jókòó sínú òkùnkùn, mo ń ṣépè fún ẹni tí n kò mọ̀. Nígbà tó tutù, mo yọ ọ́ láti sọ nù. Mo gbá a mọ́ tábìlì, kò la. Mo fi òòlù lù ú, kò la. Alumíníọ̀mù rẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ayùn ni mo fi gé e níkẹyìn.

Nígbà tí mo gbé méjèèjì sábẹ́ maikirosíkóòpù, ọ̀rọ̀ yé mi. Láàárín irin àti alumíníọ̀mù ti àkọ́kọ́, ohun kẹta kan ti jókòó, ó nípọn, eyín rẹ̀ sì gún wọ inú irin bí eyín ajá. Nínú rẹ̀, fún gbogbo átọ́ọ̀mù irin méjì, alumíníọ̀mù márùn-ún ló wà. Kì í ṣe irin, kì í ṣe alumíníọ̀mù. Ó le ju àwọn méjèèjì lọ, kò sì ní ìtẹ̀ rárá. Bó bá ti ṣe, fífọ́ ni. Ti èkejì náà ní in, ṣùgbọ́n bíi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Bí irú ohun kẹta yìí bá ti nípọn ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà lọ, ẹ máa múra fún "kó!".

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lónìí nìyí, kódà bí ẹ bá gbàgbé ìyókù. Ẹni tó bá ń so mẹ́táàlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ máa ń bẹ̀rù pé wọn ò ní wọra. Ẹ̀rù tó yẹ kó bà á ni pé kí wọ́n wọra jù.

Ó wà nínú fóònù yín náà, ó kéré tán nínú irú àwọn ṣíìpù tí wọ́n ti ń ṣe tipẹ́. Wọ́n máa ń fi okùn wúrà tó tín-ínrín ju irun orí lọ lẹ ojú ṣíìpù tó jẹ́ alumíníọ̀mù. Títẹ̀ àti gbígbọ̀n ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, wọn kì í yọ́ okùn yẹn mọ́ ọn. Bí ṣíìpù bá wá ń gbóná lọ́dún dé ọdún, wúrà àti alumíníọ̀mù á máa wọra lọ, títí wọn ó fi bí ohun kẹta tó ní àwọ̀ àlùkò. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: funfun lalumíníọ̀mù, pupa lẹ́múlẹ́mú ni wúrà, ọmọ tí wọ́n bí wá rí àlùkò! Àwọn tó ń ṣe ṣíìpù pè é ní àjàkálẹ̀ àrùn aláwọ̀ àlùkò, mi ò rò pé wọ́n ṣàsọdùn.

Aburú kejì tún wà nínú ìwọra, ó sì fara sin ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú àpẹẹrẹ danfo tí mo lò, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo ṣe bí ẹni pé èrò tó ń lọ dọ́gba pẹ̀lú èrò tó ń bọ̀. Gbogbo àgbà nídìí iṣẹ́ yìí náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ Amẹ́ríkà kan, Ernest Kirkendall, òun àti Alice Smigelskas, mú idẹ, wọ́n tẹ́ okùn molybdenum tó tín-ínrín sí i lára, wọ́n sì fi bàbà bò ó. Mẹ́táàlì ni molybdenum náà, ṣùgbọ́n kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n kàn lò ó bí èèkàn tí wọ́n ń fi sàmì sí ààlà oko ni. Wọ́n gbé e sí 785, wọ́n ń fi ọjọ́ ka ọjọ́. Nígbà tí wọ́n wò ó, ààlà ti ṣí! Okùn ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti tòsì ti sún mọ́ ara wọn. Síńkì inú idẹ ń sá jáde kíákíá ju bí bàbà ṣe ń wọlé lọ. Robert Mehl, tó jẹ́ ẹni ńlá nínú ìmọ̀ mẹ́táàlì nígbà náà, kò gbà; ìwé wọn dúró fún oṣù bíi mélòó kan kó tó jáde ní 1947. Lónìí, orúkọ Kirkendall la fi ń pe ọ̀rọ̀ náà.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Bí èrò bá ń jáde ju bí wọ́n ṣe ń wọlé lọ, àyè tó ṣófo á pọ̀ níbi tí wọ́n ti kúrò. Àyè yẹn á kó ara wọn jọ, wọ́n á di ihò. Ẹni tó bá gbé ìsopọ̀ rẹ̀ sínú ooru pẹ́ jù lè dí gbogbo ihò àkọ́kọ́ tán, kó tún wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ tuntun.

Àwọn méjì mìíràn kì í fa wàhálà. Bàbà àti nickel, bí ẹ ṣe fẹ́ kí ẹ pò wọ́n, wọn kì í bí ohun kẹta. Bàbà àti irin náà kì í bí i. Wọ́n máa ń wọra níwọ̀n, wọ́n á sì fi ara wọn sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n titanium àti irin? Ọ̀tá ni. Titanium fúnra rẹ̀ kò burú, ó tiẹ̀ dára jù lára gbogbo wọn fún iṣẹ́ yìí, torí pé bó bá ti gbóná tó, ńṣe ló máa ń gbé awọ ara rẹ̀ mì. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ Rolls-Royce fi ń so pẹrẹsẹ titanium mọ́ titanium láti fi ṣe abẹ̀bẹ̀ ńlá tó ń yí níwájú ẹ̀rọ bàálù, tí inú rẹ̀ sì lófìfo. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà nìyẹn. Gbé titanium ti irin, ohun tí wọn yóò bí kò ní jẹ́ kí o sùn.

Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó wá alárinà. A ó fi bébà nickel tàbí ti bàbà, nígbà mìíràn vanadium, sáàárín wọn, kí ọ̀tá má fojú kan ọ̀tá. Títínrín ni, kò nípọn ju bébà ìwé lọ. Ẹ mọ̀ pé wọ́n ní a mọ ara wa tán, alárinà á yẹ̀ba. Nídìí iṣẹ́ tiwa, alárinà kò gbọdọ̀ yẹ̀ba. Ọjọ́ tó bá tán níbẹ̀, tí àwọn méjèèjì rọ́nà dé ọ̀dọ̀ ara wọn, ọjọ́ náà ni ilé dà rú.

Alárinà tún ní iṣẹ́ kejì. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò kan. Ká ní bàbà àti tungsten la so pọ̀, ìkọ̀ọ̀kan gùn tó 100 mìlímítà nígbà tí wọ́n wà nínú ooru, tí wọ́n sì ń tutù bọ̀ láti 820 dé 20. Bàbà á sún kì ní bíi mìlímítà kan àti díẹ̀, 1.4. Tungsten kò ní kọjá 0.4. Mìlímítà kan péré ni ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti so pọ̀, kò sí ẹni tó lè lọ. Àwọn méjèèjì á máa fa ara wọn ní ìdákẹ́jẹ́. Mo ti rí èyí tó là fúnra rẹ̀ lórí tábìlì, níbi tí ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn án, lálẹ́. Bí alárinà bá rọ̀, bíi bàbà tí kò ní àbùlà, òun ni yóò máa jìyà fífà yẹn, á tẹ̀ díẹ̀ níhìn-ín, á tẹ̀ díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ sì jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá kánjú ṣí ìléru láti jẹun ọ̀sán ló ń ná owó ilé iṣẹ́.

Ibi tí mo ti rí iṣẹ́ yìí tó wù mí jù ni ẹ̀rọ ITER tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ pawọ́ pọ̀ ń kọ́ sí Cadarache, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Wọ́n fẹ́ ṣe nínú ẹ̀rọ ohun tí oòrùn ń ṣe, kí wọ́n sì mú un gbóná dé 150 mílíọ̀nù. Kò sí mẹ́táàlì tó lè fara kan irú iná bẹ́ẹ̀, agbára mágínẹ́ẹ̀tì ló ń gbé e dúró sí òfurufú. Ṣùgbọ́n ògiri tó dojú kọ ọ́ ṣì ń jẹ ooru. Irin tí kì í dógùn-ún ló lágbára láti gbé ògiri náà, àmọ́ kì í jẹ́ kí ooru kọjá kíákíá. Bàbà tí wọ́n po díẹ̀ chromium àti zirconium mọ́ ló mọ bí a ṣe ń gbé ooru lọ bá omi tó ń ṣàn lẹ́yìn. Kò sí èyí tó lè dá a ṣe, wọ́n ní láti di ọ̀kan. Wọ́n á to bàbà àti irin sínú agolo, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, wọ́n á jó o pa, wọ́n á sì gbé e sínú ìkòkò irin ńlá tí wọ́n fún gáàsì argon sí. Ìgbóná rẹ̀ á tó nǹkan bí 1,040, fífún gáàsì náà á sì ju ẹgbẹ̀rún ìlọ́po ti afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Gáàsì kì í ní igun tó yàn láàyò, gbogbo ìhà ló ti ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rántí pé bàbà àti irin kì í bí ohun kẹta. Ìdí kan nìyẹn tí wọ́n fi lè gbé e lé iná tó bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀rù.

Lẹ́yìn tí mo sọ tán, ìbéèrè pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀. Bọ̀dá kan tó ń tún fíríìjì ṣe dìde. Ó ní bí òun bá fẹ́ so páìpù bàbà mọ́ páìpù alumíníọ̀mù ẹ̀yìn fíríìjì, òun máa ń ṣọ́ iná òun gidigidi, alumíníọ̀mù kò tíì ṣe bí ẹni fẹ́ yọ́, lójijì ni ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé á di omi, ihò á yọ. Àkókò tí òun ń ṣọ́ 660 ni, kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Mo ní kó jókòó, ìbéèrè rẹ̀ dàgbà ju òun lọ. Bàbà ń yọ́ ní 1,085, alumíníọ̀mù ní 660. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọra dé ìwọ̀n kan, àdàlù wọn ń yọ́ ní 548 péré. Nígbà tó ń ṣọ́ 660, ojú ibi ìpàdé ti kọjá tiẹ̀ tipẹ́. Mo sọ fún un pé kì í ṣe òun nìkan. Ní nǹkan bí 1743, Thomas Boulsover, ẹni tó ń ṣe ọ̀bẹ ní Sheffield, ń tún èèkù ọ̀bẹ tó jẹ́ fàdákà àti bàbà ṣe, ló bá fún un níná jù. Fàdákà ń yọ́ ní 962, ṣùgbọ́n òun àti bàbà jọ ń yọ́ ní bíi 780. Méjèèjì lẹ̀. Boulsover kò bínú ní tiẹ̀. Ó gbé e sórí owú, ó lù ú, ó rí i pé wọ́n jọ ń tẹ́ bí ohun kan ṣoṣo, ló bá fi di oníṣòwò bọ́tìnì tí òde rẹ̀ jẹ́ fàdákà, tí inú rẹ̀ jẹ́ bàbà. Àlàyé mi fún bọ̀dá onífíríìjì wá ni pé kó máa fi iná sí apá bàbà, kó jẹ́ kí ooru rìn dé ibi ìpàdé fúnra rẹ̀, kó sì tètè gbé iná kúrò. Bó bá sì parí, kó fi nǹkan bo ojú ibẹ̀ kí omi má kàn án, torí pé bí bàbà àti alumíníọ̀mù bá jọ wà nínú ọ̀rinrin, alumíníọ̀mù ni yóò jẹ run.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di orí rẹ̀ mú.

"Háà, ọ̀gá," ó ní, "ọdún méjì ni mo fi ń bá ìyá tó ń ta gáàsì fún mi jà."